Ìṣẹ́jú Márùn-ún Ló Fi Yẹ Láptọ́ọ̀pù Wò

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù géèmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Tábìlì kan náà ni èmi tí mo kọ ọ́ àti ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn jọ ń lò. Kọ̀mpútà la ń tún ṣe, a sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má bínú, mi ò lè fi ìyẹn pamọ́.

1.

Ọmọkùnrin kan wà tó mọ géèmù ìje ọkọ̀ dé góńgó. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ ni Ẹ̀yìn-Mi-Lẹ-Ó-Máa-Rí. Gígùn orúkọ náà sú wa, la bá ń pè é ní Ẹ̀yìn-Mi. Irọ́ kọ́ o, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń rí.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ eléré kan tó ń sanwó oṣù kéde pé àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ àwọn. Kí oníkálùkù gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá, kí wọ́n sáré fún wákàtí kan láìdúró. Ẹni tó bá wà níwájú nígbà tí wákàtí pé ló gba àyè náà. Ọdún mẹ́ta ni Ẹ̀yìn-Mi ti ń kun ilé onílé lọ́dà, tó ń tọ́jú owó de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

2.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bá a ṣa láptọ́ọ̀pù kan sọ́tọ̀. Ó nípọn, ó dúdú, ó wúwo. Fáànù méjì ló wà nínú rẹ̀, ihò tí ooru ń gbà jáde sì fẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fi ráàmù tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀mpútà yá kún un.

Ẹ̀yìn-Mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ṣé bíríkì lẹ fẹ́ kí n gbé síwájú èèyàn ni?"

"Gbé bíríkì lọ, kó o gba àyè bọ̀."

"Mo ti rí tèmi ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó tín-ín-rín, iná kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀, orúkọ kan náà lòun àti ti bíríkì yín ń jẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Káàdì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí agbára wọn má dọ́gba. Èyí tó wà nínú tín-ín-rín yẹn, wọ́n ti dín iná tó ń jẹ kù, torí ooru ò ríbi gbà jáde. Tó bá ti gbóná, á máa wọ́. Tó o bá máa rà á dandan, jẹ́ kí wọ́n fi eré sí i fún odindi wákàtí kan kó o tó sanwó."

"Wákàtí kan! Kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí ò níṣẹ́? Àǹtí mi, kọ̀mpútà tó ti kú lẹ̀yin mọ̀. Èmi ni mo mọ èyí tó wà láàyè."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Obìnrin tó ti tú kọ̀mpútà tí a ò lè kà palẹ̀, tó tún tò wọ́n padà láìṣẹ́ku ẹyọ nọ́ọ̀tù kan! Òun fúnra rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

3.

Ẹ̀yìn-Mi lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ inú géèmù ń fò, àwòrán ń dán gbinrin. Ó sanwó.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ọmọbìnrin aránṣọ kan tóun náà fẹ́ dije yà sí tábìlì wa. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ̀ ọ́n rà. Ẹ ṣàlàyé fún mi." Ó béèrè ráàmù, ó béèrè fáànù, ó béèrè bóyá òun lè sáré láìki ṣájà bọ iná.

"Má dán an wò," ni ẹ̀gbọ́n Ẹ̀yìn-Mi wí. "Agbára rẹ̀ ò ní pé."

Ọmọbìnrin náà jókòó, ó fi bíríkì tí Ẹ̀yìn-Mi kọ̀ sáré fún wákàtí kan gbáko, ó tún fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ wò. Ó sanwó, ó gbé e lọ.

4.

Ọjọ́ ìje pé. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ̀yìn Ẹ̀yìn-Mi nìkan ni gbogbo wọn ń rí. "Mo ti gbà á!" ló ń pariwo.

Ló bá di pé fáànù ń hu. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó yí ọwọ́, ọkọ̀ yí lẹ́yìn tí kọ́nà ti kọjá. Ẹnì kan kọjá lára rẹ̀, ẹnì kejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wákàtí pé, ipò kọkànlá ló wà. Aránṣọ ló gba àyè náà.

Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n Ẹ̀yìn-Mi níbi tí èmi àti ẹ̀ jọ ń wòran: "Ọ̀gá yẹn ló kọ́ mi bí mo ṣe máa yàn án." Orí mi wú! Ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni mo gba àyè náà.

5.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀yìn-Mi gbé láptọ́ọ̀pù wá, ojú rẹ̀ ti wú. "Àǹtí mi, ẹ bá mi tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú u, ó yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò, ó dé e padà. "Àbúrò mi, kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é náà ló ń ṣe."

"Ẹ ò lè fi fáànù kún un ni?"

"Ibo ni kí n fi í sí? Tín-ín-rín lo ní o fẹ́."

Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àyè yẹn ò sì ṣí mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra! Iná kíbọ́ọ̀dù kì í sáré ìje. Ẹ má fi orúkọ káàdì nìkan rajà, ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹ ohun tí ẹ fẹ́ lò fún wákàtí wò, ẹ má sì fi ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé ẹ mọ eré ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.