Bí Ẹgbẹ́ Ọdẹ Ọlọ́fà Ìtìrẹ́ Ṣe Gbèrú

Ní ọdún 1988, Ẹgbẹ́ Ọdẹ Ọlọ́fà Ìtìrẹ́ ní alága, igbákejì alága, akápò àti alámòójútó ètò ìròyìn. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán nìkan ni kò ní.

Alága ni Bàbá Adéníran, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá tó bí i fi ọfà pa ẹfọ̀n nínú igbó Ogbómọ̀ṣọ́. Òun náà ti fi ọfà pa òkété kan lẹ́bàá kánáàlì, ó sì gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn òkété, ewúrẹ́ onílé ló kù láti dọdẹ ní àdúgbò náà, òfin ẹgbẹ́ sì ti ka ìyẹn léèwọ̀ láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti dá sí ọ̀rọ̀ akápò.

Pápá tí wọ́n ti ń ta ọfà lẹ́yìn kánáàlì kì í ṣe tiwọn. Ti ẹbí Bàbá Ọládèjì ni, ẹni tó yá wọn lò nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń wo ojú ilẹ̀ àbàtà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, Bàbá Ọládèjì wá síbẹ̀, ó dúró, ó wo àwọn ọdẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Adéníran, ṣé gbogbo yín náà rèé?"

"Àwọn tó kù ń bọ̀, sà."

"Láti ọdún wo?" Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí pápá. "Tí àjọ̀dún yín bá dé ní Disẹ́ńbà, tí mi ò bá bá èrò níbí, màá gba ilẹ̀ mi. Koríko pàápàá ń wò yín tàánú-tàánú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adéníran ní akínyẹmí ara. Ní gbogbo Èkó, pápá yìí nìkan ló ti lè gbé ọrun bàbá rẹ̀ dání kí wọ́n má pè é ní wèrè. Ó kọ bébà ìpolówó, ó lẹ̀ ẹ́ káàkiri Yaba àti Tejúoṣó. Èèyàn méjì ló wá. Ọ̀kan ń wá ibi tí yóò tọ̀ sí. Èkejì ń wá ọ̀kan yẹn.

Ìgbà yẹn ni Jethro yọjú. Ọmọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti ta rédíò tí kò ní nǹkan kan nínú fún ẹnì kan rí ní Tejúoṣó, onítọ̀hún sì dúpẹ́. Ó ní láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn ọfà. Adéníran fi í ṣe akọ̀wé lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi ọ̀rọ̀ èrò sílẹ̀ fún mi," ni Jethro wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi ìdúró tirẹ̀, tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ tẹ̀."

"Kí ọfà má baà máa kọ lu ara wọn?"

Jethro mirí. "Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́ yẹn, Bàbá."

Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi dáwọ́ dúró, èrò ti ń wọ́ wá ní gbogbo Sátidé: mẹkáníìkì Muṣin, tíṣà Surulere, àwọn tó ń yan ẹja ní Makoko. Kò sẹ́ni tó ń pẹ́ lẹ́yìn. Olúkúlùkù a lọ tààrà sí ibi ìdúró rẹ̀, a gbé ọrun dání bí agbòjò, a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ọfà. Adéníran gbà pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọlánípẹ̀kun, ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì, a máa wo ilẹ̀ ju bó ṣe ń wo ìdì koríko tí wọ́n ń ta lọ́fà.

"Alága, ṣé omi máa ń dúró níbí tí òjò bá rọ̀?"

"Ó máa ń mu èèyàn dé orókún!" Adéníran dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

Ara Ọlánípẹ̀kun ò yá mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé okùn wá, ó ń wọn ibi ìdúró rẹ̀ láti igun dé igun. Adéníran fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ọfà kì í yà ní kọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́, ó sì ń wọn tirẹ̀ lọ.

Adùnọlá, aránṣọ láti Surulere, mú ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́. Ìyá náà kúnlẹ̀ lórí koríko, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan orí, ó bú sẹ́kún.

"Ọmọ mi, wọn ò ní fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láéláé!"

Adéníran nu ojú tirẹ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì rí ìyá tó mọ iyì ọfà tó báyẹn.

Ìjà tilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ẹsẹ̀ ẹ ti wọ tèmi!" ni tíṣà kan pariwo.

"Irọ́ lò ń pa! Ẹ̀yìn igi kajú ni tìẹ!" ni ìyá ẹlẹ́ja dá a lóhùn.

Adéníran là wọ́n, ó sì sọ fún akápò pé irú ìtara báyìí ló ń sọ ẹgbẹ́ di ńlá.

Ọjọ́ àjọ̀dún kò. Èrò kún pápá dé bèbè kánáàlì, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Jethro nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé òun ti lọ wá èrò sí i ní Kòtónú, Adéníran sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún akọ̀wé tí kò mọ ìsinmi.

Bàbá Ọládèjì rìn yíká, ó ya ẹnu, kò lè pa á dé.

"Adéníran, o ṣe é o. Ta ló fẹ́ gba pápá lọ́wọ́ irú èrò yìí? Èmi kọ́."

Adéníran gbé ọrun bàbá rẹ̀, ó rìn lọ sí àárín pápá, ó gbọ́n ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará," ó wí, "láti òní lọ, ibí ti di tiwa!"

Ariwo ayọ̀ tó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà lórí rẹ̀. Ó ń dúró kí ó rọlẹ̀ kí ó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ nígbà tí Adùnọlá sún mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí, ó sì kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "àwọn bíríkìlà mi ti dé, orí ilẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ Jethro lẹ sì dúró sí yẹn: pálọ̀ mi gan-an ni."