Ife Tí Alámì Gbé

"Mọ́mì, ife ta ni dádì gbé?"

Ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ń ka ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà ilé, lẹ́tà kan tó wọlé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lórúkọ bàbá rẹ̀:

Mo ni ife re. Tete si mi wo.

Ìyá wo bàbá. Bàbá wo ife orí tábìlì.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́," ó wí, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ náà. Òun ló ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Alámì ni wọ́n ń pè é, nítorí bírò pupa rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìwé kankan lọ láìní àmì ohùn, títí kan èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ ra ọṣẹ. Nígbà tó débẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti gba lẹ́tà kan náà. Obìnrin tó ń gbàlejò ní òun ò mọ̀ pé Alámì ń yọ́ òun fẹ́.

"Bùọ̀dá Alámì," awakọ̀ pariwo, "ẹ dá ife mi padà o, tíì mi ń tutù!"

Lọ́sàn-án, Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ pè é. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife. Ó kà á sókè:

"Ọ̀gá, ẹ ò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ẹni tó fi yín ṣe olórí ilé ìtẹ̀wé, ewúrẹ́ ló ní kó máa ṣọ́ iṣu."

Ó tún un kà. Akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé èmi lò ń bú?"

"Ọ̀gá, orúkọ mi ti ń rìn kiri láti àárọ̀. Ẹ bi gbogbo ilé."

"Ìwé ìdádúró rẹ ti wà nílẹ̀. Bó bá fi di Sátidé tí n ò mọ ẹni tó kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i."

Ìyàwó rẹ̀ kò sùn láti ọjọ́ náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn.

"Ọdún mẹ́tàlá lẹ ti wà níbẹ̀," ó wí. "Dádì, ẹ fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ bú u?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa fẹnu ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́?"

"Ẹ ò jọ ọ́," ó wí, ó sì tún lọ fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé sí ilé ìtẹ̀wé, ó sì yẹ ẹ̀rọ gbogbo wọn wò.

"Àrùn kọ̀ǹpútà ni, sà," ó wí. "Á yọ́ wọ inú ẹ̀rọ ẹnì kan, á jí orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀, á sì máa fi í ránṣẹ́ kiri. Ẹni tẹ́ ẹ rí orúkọ rẹ̀ lè má mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Ẹ̀rọ ta ló wà?" Ọ̀gá Àgbà bèèrè.

Ọkùnrin náà wúkọ́. "Tiyín ni, sà. Ẹ ṣí fọ́tò ọ̀fẹ́ kan ní Ọjọ́rú."

"Fọ́tò kí ni, sà?" akọ̀wé bèèrè.

Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Àrùn náà tiẹ̀ mọ̀wọ̀," akọ̀wé tún wí. "Èmi, *ife re* ló kọ sí mi. Ẹ̀yin, *ẹ* ló ń pè yín."

"Ṣé mo bi ọ́?" Ọ̀gá Àgbà jágbe mọ́ ọn. Ó fa ìwé ìdádúró náà ya, ó bọ Alámì lọ́wọ́. "Má bínú. Mo fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó Alámì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun tilẹ̀ bi í léèrè. Oòrùn wà lókè nígbà tó ti fèrèsé, tí ó sì ní kí gbogbo wọn lọ dùbúlẹ̀.

Ọmọ sùn, ìyá sùn, Alámì náà sì sùn tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí nínú gbogbo lẹ́tà tó jáde lórúkọ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní àmì ohùn lórí pérépéré, èyí tí Ọ̀gá Àgbà kà lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i.