Orúkọ Ọjọ́ Kẹjọ

Ìyá aránṣọ to oyin, iyọ̀ àti omi sórí máṣíìnì rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó ti ìka bọ oyin. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tí Ṣìmí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Kharkiv, ìlú ẹnubodè tí bọ́ǹbù kì í jẹ́ kó sùn. Láti ìjẹta ni kò ti gbóhùn ọmọ rẹ̀.

Ọkọ Ṣìmí ló gbé fóònù.

"Bàbá Ìkókó, kí la ó sọ ọmọ?"

"Yétúndé, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Má ṣépè fún wa o! Èmi rèé láàyè, ìyá tìẹ náà ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá wo ló wá kú?"

Ìkókó ń ké.

"Gbé e fún Ṣìmí kó fún un lọ́mú," ló ń wí, kó tó rántí pé Ṣìmí náà ti di ìyá. Ó nu oyin kúrò ní ìka rẹ̀.