Àbàwọ́n Abẹ́ Ojú Ìyàwó

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ń rí mi lára.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n tẹ fọ́tò òun àtìyàwó òun sára díìsìkì ìwàásù òun, "Ìfẹ́ Nínú Ilé".

Gbogbo èyí tó ń jáde ló ní àbàwọ́n dúdú lábẹ́ ojú ìyàwó.

Mo nu inú ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ íńkì, ọwọ́ mi dà bíi ti aláró.

"Ẹ̀rọ játijàti!"

Ìyàwó wọlé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Adúmáadán, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n yín ló gbá mi lójú láàárọ̀ ọjọ́ fọ́tò. Páúdà ò bò ó tán."

Mo ju àkísà ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ké láti pálọ̀: "Ṣó ti jáde?"

"Ó ti jáde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."