Aláìsàn Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọmọbìnrin Akọ̀wé ló mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àdúgbò. Láti ìgbà tí ìyàwó bàbá náà ti kú, oorun ti dá lójú rẹ̀ ní gbogbo òru, ó sì ti ń bá àga tó ṣófo sọ̀rọ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe akọ̀wé nílé ẹjọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì bi í ní ogún ìbéèrè, ó sì ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun kan tí wọ́n ní ó mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù bàbá náà láti ilé ìtọ́jú: "Ìyá kan ń dá gbé ní òpópónà kejì sí tiyín. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. A nílò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó pe ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Wọ́n yẹ̀ mí wò títí, wọ́n rí i pé orí mi pé. Wọ́n ti fún mi níṣẹ́."

"Ẹ kú oríire, Bàbá," ọmọ náà wí.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, Akọ̀wé fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì, torí pé a kì í ṣe wúruwùru lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá tí wọ́n rán an sí, Ìyá Aránṣọ, ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Mo ti ń retí yín. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Èmi ni mo wá bi yín ní ìyẹn, mà."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò tíì jẹun. Ìyá náà gbé búrẹ́dì àti tíì síwájú rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ̀ pé aláìsàn kì í dáhùn ìbéèrè.

Kó tó délé, ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú ti bi í ní nǹkan mẹ́ta lórí fóònù: Ṣé ẹ jẹun lónìí? Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ náà kọ "ẹ" síbi tó yẹ kó kọ "ó", ṣùgbọ́n akọ̀wé kì í tún ọ̀rọ̀ adájọ́ ṣe. Ó dáhùn bí wọ́n ṣe bi í.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀. Akọ̀wé a máa sọ ẹjọ́ àtijọ́, pàápàá ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó fi ọdún mẹ́sàn-án jà lórí àkàbà. Ìyá Aránṣọ a máa gán bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, a sì máa wò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni tó ń wọn aṣọ. Bó bá jáde, ó máa ń rí i lójú fèrèsé tó ń tẹ fóònù. Ó rò pé àwọn ọmọ ìyá náà ló ń kọ̀wé sí, inú rẹ̀ sì dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyá náà kò ṣílẹ̀kùn. Akọ̀wé kàn án títí ọwọ́ fi ń ta á.

"Mà, mo mọ̀ pé ẹ wà nínú ilé. Mi ò ní lọ o."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ àkàbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ké e sára ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé ọdún kẹfà, ilẹ̀kùn ṣí. Irun ìyá náà ti ta kókó, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Ta ló wá ni àkàbà náà gan-an?"

"Ikán ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dájọ́, mà."

Ẹ̀rín pa á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé ni kò lè dìde. Ọjọ́ náà ló pé ọdún kan tí ìyàwó rẹ̀ kú. Lọ́sàn-án, Ìyá Aránṣọ wọlé, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó fà á jókòó. "Ẹ sọ̀rọ̀ ìyàwó yín fún mi," ló wí. Akọ̀wé sọ ọ́, ó sunkún, kò sì tijú. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó nu ojú, ó mú ìwé pélébé: "Aláìsàn ti ń dá jáde nílé. Ìlọsíwájú ńlá."

Ní oṣù kẹrin iṣẹ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn dé: "Ara ìyá náà ti yá. Iṣẹ́ yín parí. Ẹ ṣeun."

Akọ̀wé kò dúró rárá, ọ́fíìsì ilé ìtọ́jú náà ló gbà lọ. Wọ́n fi ìwé ẹ̀yẹ kọ́ ara ògiri níbẹ̀: ọ́fíìsì tó ní olùbẹ̀wò aláìgbowó púpọ̀ jù lọ.

"Ara ìyá yẹn kò tíì yá," ló wí fún ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. "Bí mi ò bá lọ mọ́, ilé yẹn á dákẹ́. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀rọ yín."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga tí ẹ jókòó sí yẹn. Ẹkún ló ń sun, pé ká má gba aláìsàn òun lọ́wọ́ òun, bàbá kan tó rò pé òun ṣì ń kọ̀wé nílé ẹjọ́."

Akọ̀wé mi orí tàánú-tàánú. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìyá náà, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ti kọjá kékeré."

Ọ̀dọ́bìnrin náà tẹ "ẹ máa bá a lọ" fún àwọn méjèèjì, ó sì padà sídìí àkọsílẹ̀ tó ń ṣe fún olú ilé-iṣẹ́: aláìsàn, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, olùbẹ̀wò, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, àwọn orúkọ kan náà sì ló wà nínú méjèèjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀.