Èjìká Tó Wà Lósì

Àgbẹ̀ onírẹsì ni Gonta nílẹ̀ Jàpáàn kí olórí àgbègbè wọn tó fi ọ̀kọ̀ gbọọrọ lé e lọ́wọ́, tó sọ ọ́ di ọmọ ogun. Òfin wọn kò ṣòroó mọ̀: èjìká kan èjìká, bí ẹnìkan bá ṣubú, àwọn tó kù á sún, wọ́n á dí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà, ọ̀gá á bẹ́ ẹ lórí.

Lóru ọjọ́ kan, kùrukùru bo odò tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́lẹ̀. Heisuke, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ikọ́ ń dà láàmú, ló wà lósì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà ti dákẹ́. Èjìká yẹn tutù, omi sì ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó.

"Heisuke, ṣé kò sí nǹkan?"

Ẹ̀yìn ni ikọ́ ti dáhùn, lẹ́bàá iná. "Ọ̀gá pè mí wá dáná. Má sùn o, àyè mi ṣófo!"

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Gonta na etí sí ẹni tó wà lọ́tùn-ún. Omi ń kán níbẹ̀ náà.

Èjìká méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń dí àyè ẹni tó ti ṣubú.