Ìka Tẹ́ẹ́rẹ́ Lára Àwo Sídíì

Mojírọ́lá ló kọ orin náà, Fọlárìn ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo sídíì jáde, orúkọ ìyàwó Fọlárìn ló wà lára rẹ̀. Mojírọ́lá rojọ́ títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ìbànújẹ́ náà ló sì sin ín dé sàréè.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Fọlárìn ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó kó àwọn àwo sídíì náà tó ti dọ̀tí sílẹ̀, ó ń fi omi ọṣẹ àti aṣọ múlọ́múlọ́ nù wọ́n. Èyí tó bá ti nù tán, ipa ìka tútù á tún hàn lára rẹ̀. Ó nu ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ, ipa náà kò yéé yọ. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé e wò. Ipa náà kéré sí tirẹ̀: ìka obìnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹnìkan mí sí i létí.

"Bọ̀dá Fọlárìn, ẹ ti gba ohùn mi. Ẹ wá yá mi lọ́fun yín."

Ọ̀fun rẹ̀ tutù bí ẹni gbé omi dídì mì.

Ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Bàbá Tọ́lání, ẹ ṣílẹ̀kùn o!"

Fọlárìn lanu láti ké gbàmí. Ohùn Mojírọ́lá ló jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Wọlé. Ìwọ nìkan ló kù."